Wọ́n Fi Ilé Wa Hàn Mí

Àwa mẹ́tàdínlógún la pé sí Èbúté Èrò láàárọ̀ Sátidé,
bàtà kẹ́ńbáàsì, fìlà, ike omi lọ́wọ́.
Mosúnmọ́lá ló ń darí wa, agbòjò pupa lókè orí.
Ó ní ká má jìnnà sí agbòjò náà,
ẹni bá jìnnà ti sọnù.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Èmi tí wọ́n wẹ̀ nínú báàfù ní Pópó Àgùdà,
èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù pé n ó sọnù l'Ékòó.

Mi ò sọ fún un.
Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà bí àlejò,
mo gba káàdì tí wọ́n kọ “Àlejò Kejìlá” sí,
mo so ó mọ́rùn.

Ọkọ̀ ojú omi la kọ́kọ́ wọ̀.
Ó gbé wa gba abẹ́ afárá Kátà,
òṣíbàtà ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́,
èéfín ìdọ̀tí pákó ń ti Òkè Baba bọ̀.
Màmá Ṣófolúwẹ̀ tó jókòó tì mí
ní òun ti bá irú ẹgbẹ́ báyìí dé ilẹ̀ òyìnbó kan
níbi tí adágún omi sùn sáàárín òkè,
yìnyín lórí òkè bí ẹni da ìyẹ̀fun,
omi mọ́ gaara, o lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ení, èjì.
“Ẹ wá wo tiwa,” ó yínmú.

Mo wo tiwa.
Ọ̀sà ò fi ìsàlẹ̀ han ẹnikẹ́ni.
Ọdún tí mo wọ iléèwé ni àbúrò ìyá mi wọ inú rẹ̀,
ọjọ́ mẹ́ta ló fi pa á mọ́ kó tó dá a padà,
bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, okùn rẹ̀ ò tú.
Omi tó mọ̀ tó báyìí,
báwo ni yóò ṣe mọ́?

A sọ̀kalẹ̀, a rìn.
Oòrùn ti ń ta wá lẹ́yìn ọrùn.
A dúró níwájú ilé olókè kan:
fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ lókè bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì,
irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dógùn-ún, igi ọ̀dán hù lára ògiri.
Mosúnmọ́lá ṣí ìwé rẹ̀:
“Bíríkìlà kan tó ti Bàhíà dé ló kọ́ ọ,
Másẹ́línò Pẹrẹ́rà lorúkọ rẹ̀.
Kò bímọ.”

Kò bímọ!
Fóònù mẹ́rìndínlógún gbéra, wọ́n ń ya fọ́tò.
Mo wo ìka ẹsẹ̀ mi,
àtàǹpàkò ńlá tí gbogbo ọmọ Pẹrẹ́rà gbé wáyé.
Ìwé rẹ̀ kò sọ àtẹ̀gùn kẹta tó ń ké bí ológbò
bí èèyàn bá pẹ́ níta kó tó wọlé.
Kò sọ ìkòkò ẹ̀wà àtàgbọn
tí ìyá mi ń rò láti òru mọ́jú Jímọ̀ọ́ Olóyè,
tí apá rẹ̀ ń wú,
tí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ṣíbí.
Kò sọ pé èmi ni mo fọ́ dígí aláwọ̀ búlúù yẹn,
pé wọ́n na Jakóòbù nítorí rẹ̀,
pé Jakóòbù kú láìmọ̀.

“Ìbéèrè wà?” Mosúnmọ́lá ní.
Mo nawọ́ bí ọmọ iléèwé.
“Ta ló ń gbénú ẹ̀ báyìí?”
“Kò sẹ́nìkan, sà. Ilé ìtàn ni.”

Ibẹ̀ ló wà tí obìnrin kan yọjú lókè,
ọmọ ìkókó tó rin gbingbin lápá kan,
báàfù lápá kejì,
ó kígbe “Àgò o!”, ó da omi ọṣẹ sílẹ̀.
Gbogbo wọn sá.
Èmi ò tètè sá. Ó ta sí mi ní bàtà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Agbòjò pupa ti ń yà ní kọ̀rọ̀.
Màmá Ṣófolúwẹ̀ ń juwọ́ sí mi, ó ń pè, “Àlejò Kejìlá!”
Mo bọ́ káàdì lọ́rùn.
Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn yẹn ṣì ń ké.